Ẹ Tí Kì Í Ṣe Ẹ

Nígbà tí fáìlì náà ṣí tán, ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ni “Ààl£ o!” Ìlà tó tẹ̀ lé e ni “Ààl¥!” Àmì owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó síbi tí apàlọ́ ti ń pe àwọn ọmọ, àmì owó àwọn ará Japan sì wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń dá a lóhùn. Mo wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, Ìjàpá náà ti dé: “Ìjàpá tìrókò, ]k] Yánníbo.”

Mo dìde, mo lọ mu omi.

Ìwé olùkọ́ mi ni. Àwọn ló kọ́ mi ní Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, Bàbá sì ni gbogbo àwa tí wọ́n kọ́ ń pè wọ́n títí dòní. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe tíṣà káàkiri Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn dé Òkehò títí wọ Ṣakí, wọ́n a máa jókòó ti àwọn àgbà lálẹ́, wọ́n a máa kọ àlọ́ àti oríkì tí wọ́n bá gbọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n mú lára owó ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 2003. Ẹ̀dà 500, ojú-ìwé 148. Ẹyọ kan ló kù sọ́wọ́ Bàbá. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ibi tí àwọn yòókù wọlé sí, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ìwé títò ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. Ẹni bá kọ ìwé tán, èmi ni mo máa ń to ojú-ìwé rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe pléètì, kó tó wá wọ máṣíìnì. Torí náà, nígbà tí Bàbá pè mí lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde èṣí pé ọmọ-ọmọ àwọn tó wà ní Peckham ń fẹ́ kí ìwé náà wọ fóònù, kó lè máa kà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó sùn, mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó.”

Oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni mo lò.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí iṣẹ́ bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn ya ìwé náà ní fọ́tò, kí n sọ ọ́ di PDF, kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ọmọ náà ṣí i lórí fóònù rẹ̀ ní London, lẹ́tà kéré bí ẹyin iná. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sá lọ sápá òsì, ìparí rẹ̀ sá lọ sápá ọ̀tún. Ó wá ń fi ìka fa ojú-ìwé lọ, ó ń fà á bọ̀, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Kó tó ka ìpínrọ̀ kan tán, àwọn ọmọ ti sùn.

PDF, bébà ni tó wọ inú ẹ̀rọ láìbọ́ aṣọ bébà sílẹ̀. Ó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà lójú-ìwé, àmọ́ kò pọn dandan kó mọ ibi tí ìpínrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Fún máṣíìnì ìtẹ̀wé, ìyẹn gan-an la fẹ́. Àwa tó ń to ìwé, ohun tí a fi ń ṣògo ni pé ìlà kan kò ní yẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí. Bùbá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀: wọ́n ti wọn èjìká ẹnì kan, wọ́n ti gé e, wọ́n ti rán an. Ìwé orí ẹ̀rọ tí mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní EPUB, ìró ni. Ìdí ẹni tó bá fẹ́ ró o ló máa sọ bó ṣe máa gbà á. Fóònù kékeré, tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá, ojú ọmọdé, ojú àgbà, ọ̀rọ̀ náà á wé mọ́ ọn.

EPUB kì í ṣe awo. Bí ẹ bá yí ìparí orúkọ fáìlì rẹ̀ padà sí .zip, ẹ ó lè tú u bí ẹni tú ẹrù. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti bá àwọn ojú-ewé irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, fáìlì kékeré kan tó ń sọ bí lẹ́tà yóò ṣe rí, àwọn àwòrán, àti fáìlì mìíràn tó ka gbogbo ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì sọ èwo ni ká kọ́kọ́ kà. Ọdún 2007 ni IDPF, àjọ tó ń bójú tó ìlànà ìwé orí ẹ̀rọ nígbà náà, gbé e jáde. Láti 2017, W3C, àwọn tó ń bójú tó ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ló gbà á tọ́, EPUB 3.3 wọn sì jáde ní oṣù Karùn-ún 2023. InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to ìwé lójoojúmọ́, lè sọ fáìlì ìwé títẹ̀ di EPUB ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí mo fi fi gbogbo ẹnu sọ pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbàgbé pé ohun tó bá wà nínú fáìlì ló máa bọ́ sínú EPUB, ohun tó sì wà nínú fáìlì Bàbá kì í ṣe Yorùbá.

PageMaker ni wọ́n fi to ìwé náà. Àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á rántí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Aldus ló ṣe é lọ́dún 1985, Adobe gba Aldus lọ́dún 1994, nígbà tí InDesign sì jáde ní 1999, PageMaker ti ń darúgbó. Ẹ̀dà keje tó jáde ní 2001 ni ìkẹyìn. Àmọ́ àwọn èèyàn wa kò tètè fi í sílẹ̀, torí ó fúyẹ́, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára lè gbé e. Ẹni tó to ìwé Bàbá ṣì ní CD tí fáìlì ìwé náà wà nípamọ́. Ọlọ́run bù kún un. Mo gbé CD náà lọ sí Ṣómólú, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ṣì ń ṣí PageMaker. Fáìlì ṣí, àmọ́ fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń ya àwòrán lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, kò sí nílẹ̀. Aṣọ bọ́, ara hàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Irú fọ́ǹtì tí a ń lò nígbà yẹn, àyè 256 péré ló ní, òyìnbó sì ti fi lẹ́tà àti àmì tirẹ̀ kún un. Kò síbi tí ẹ́ máa jókòó. Àwọn ọmọ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ wá ṣe ohun tó ṣeé ṣe: wọ́n mú àmì tí a kì í sábà lò, wọ́n pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọ́n ya lẹ́tà Yorùbá sí àyè rẹ̀. Nínú fọ́ǹtì ìwé Bàbá, àkámọ́ onígun tó ṣí ni ẹ, èyí tó padé ni ọ, àmì pọ́n-ùn ni ọ́, àmì yẹ́ẹ̀nì ni ọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á tẹ àkámọ́, á rí ẹ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ ló máa jáde. N kò ní kẹ́gàn wọn láéláé. Láìsí ọgbọ́n yẹn, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a kà nígbà náà ni kì bá tí ní àmì kankan lára. Àmọ́ ojú ènìyàn nìkan ni wọ́n fi ẹ hàn. Wọn kò fi í han kọ̀ǹpútà. Lójú ẹ̀rọ, fún odindi ogún ọdún, kò sí ẹyọ ẹ kan nínú ìwé Bàbá.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi, mo ń ka iye ìwé tí èmi fúnra mi ti tò bẹ́ẹ̀. Àwòrán Yorùbá la ń tẹ̀, a rò pé Yorùbá la ń kọ.

Irú mìíràn tún wà tí mo ti bá pàdé nínú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn: ẹni tó tẹ e lásán, tó wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe pẹ̀lú táípúráítà. Bí a bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìlà abẹ́ rẹ̀ á já bọ́, e òfìfo ló máa kù. Èyí tún burú jù, torí kò sóhun tí a máa fi mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Àkámọ́ ti ìwé Bàbá, ó kéré tán, ó ń pariwo ara rẹ̀.

Lónìí, Unicode ti fún àwọn lẹ́tà wa ní àdírẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀. Ti ẹ ni 1EB9, ti ọ ni 1ECD, ti ṣ ni 1E63. (Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, a jọ ń gbé yàrá kan náà ni.) Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹyọ kan. Nǹkan méjì la fi ń kọ ọ́: a ó kọ ẹ, a ó wá gbé àmì ohùn òkè gun orí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ kọ é, kó tó wá fi àmì sábẹ́. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá kọ́ dáadáa á ní ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ẹ bá sì ní kó wá “ẹ̀kọ́” nínú ìwé, á ní kò sí, ẹ̀kọ́ sì wà níwájú yín gbalaja. Mo yan ọ̀nà kan ṣoṣo kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo sì jẹ́ kí gbogbo ìwé náà gba ibẹ̀ kọjá.

Mo wá gbé ìwé títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fáìlì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ń kọ àmì kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà tó dúró fún sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ 41. Mo ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, Ìjàpá sì padà di ọkọ Yánníbo. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Peckham. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó dé ọ̀rọ̀ ìṣáájú, èyí tí ọ̀rẹ́ Bàbá kan kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fi àwọn ọdún sínú àkámọ́. “[1964]” ti di “ẹ1964ọ”. Fọ́ǹtì òyìnbó ni wọ́n fi to ojú-ìwé ibẹ̀, àkámọ́ ibẹ̀, àkámọ́ tòótọ́ ni. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí fọ́ǹtì Yorùbá bá wà nìkan ni mo ti ń pààrọ̀.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ lè pààrọ̀ àmì, kò lè gbọ́ ohùn. Ẹni tó tẹ ìwé náà kánjú níbòmíràn: ní ojú-ìwé méjì, ọkọ Yánníbo ti di ọkọ́ Yánníbo, Ìjàpá ti di ohun tí wọ́n fi ń roko. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí n ka ìwé náà sókè, ìlà kọ̀ọ̀kan, lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá wà, kí ẹ̀dà tí Bàbá fún mi sì wà lórí itan mi. Ẹ̀dà náà ti gbó. Àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí bírò ti kàn án, mo sì ti bá ọmọ mi wí lórí ìyẹn nígbà kan.

Ọmọ mi yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a máa jókòó tì mí. Bí mo bá ka “Ààlọ́ o!”, á dáhùn “Ààlọ̀!” láìgbójú sókè kúrò nínú ohun tó ń ṣe. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá rí i pé bí ènìyàn bá yọ àmì kúrò, ìpè àti ìdáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n: Aalo o, Aalo. Kò ní sí ẹni tó pe, kò ní sí ẹni tó dáhùn. Àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má dààmú ara mi pẹ̀lú àmì, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Á mọ̀ ọ́n kà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Peckham yẹn, inú ìwé yìí ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo bá kọ ni bàbá wọn máa kà, ohun tó bá kà ni wọ́n máa gbọ́, ohun tí wọ́n bá gbọ́ ló máa di Yorùbá lẹ́nu wọn.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó to ìwé ní 2003 fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà, ó fi dáàṣì sí i. Lórí fóònù, ìparí ìlà kò sí níbi tó wà mọ́, àmọ́ dáàṣì ṣì wà níbẹ̀: “ag-bádò” ní àárín gbùngbùn ìlà. Gb sì rèé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Kò yẹ kó gé e lórí bébà gan-an. Mo rí i pé mo kọ “yo” síbi tí EPUB ti ń béèrè èdè ìwé, torí fóònù tó bá rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń gbé lè máa fi òfin Gẹ̀ẹ́sì gé ọ̀rọ̀ wa. Mo sì fi fọ́ǹtì sínú ìwé náà, Charis SIL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì mọ bí àmì ṣe ń gun orí ẹ. Ní fóònù àtijọ́ kan tí mo kọ́kọ́ fi dán an wò láìsí fọ́ǹtì yìí, àmì ohùn ń rìn kúrò lórí lẹ́tà tirẹ̀ lọ sórí lẹ́tà kejì.

Oríkì ló gba àkókò mi jù, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Lórí bébà, wọ́n ti fi àyè òfìfo ti àwọn ìlà kan wọnú, àyè mẹ́wàá níbí, àyè mẹ́rìnlá lọ́hùn-ún. EPUB kì í ka àyè òfìfo sí, ẹyọ kan ló máa ń fi sílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Gbogbo oríkì wá dì pọ̀ di ìpínrọ̀ kan bí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn àgbà mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti mí wà lára ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di ìpínrọ̀ tirẹ̀, mo wá ṣètò pé bí ìlà kan bá gùn ju ojú fóònù lọ, kí ìyókù rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ kó sì wọnú díẹ̀. Ojú á rí i pé ìyókù ìlà nìyí, kì í ṣe ìlà tuntun, ẹnu kò sì ní mí níbi tí kò yẹ.

“Wo ojú-ìwé 43” wà nínú ìwé náà níbi púpọ̀. Kò sí ojú-ìwé 43 nínú ìró. Mo sọ gbogbo wọn di ohun tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ kó gbé e débẹ̀, mo sì fi nọ́ńbà ojú-ìwé bébà, láti 1 dé 148, pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀. EPUB fàyè gbà á. Bí Bàbá bá mú ẹ̀dà bébà lọ́wọ́ ní Ìṣẹ́yìn, tí ọmọ-ọmọ wọn sì mú fóònù ní London, wọ́n á lè jọ dé ibì kan náà. Àkọtọ́ àtijọ́ Bàbá, “aiyé” àti “enia”, n kò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ láti kọ ọ́.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ sí Ìṣẹ́yìn. Ojú Bàbá ti ń bàìbàì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan, èkejì kò tíì tó àkókò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ka ìwé wọn gbẹ̀yìn, ìyàwó wọn ló sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe ń mú kí lẹ́tà tóbi hàn wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ku bí ọ̀rọ̀ márùn-ún sórí ìlà. Wọ́n sún un mọ́jú díẹ̀, wọ́n sún un sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, sókè, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì. Mama jáde láti inú ilé ìdáná, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá ka àlọ́ kan tán, wọ́n bọ́ sórí èyí tí Ìjàpá ti kó gbogbo ọgbọ́n ayé jọ. Wọ́n dé ibi tó ti so kèrègbè mọ́ àyà, tó fẹ́ gun ọ̀pẹ. Wọ́n dákẹ́.

“Kí lo kọ síbí yìí?”

Mo sún mọ́ wọn. “Ó mú igbá, sà, ó dojú kọ ọ̀pẹ.”

“Kí ni Ìjàpá fẹ́ fi igbá ṣe? Kèrègbè ti wà láyà rẹ̀. Igbà ni. Igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ.” Wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára tábúlẹ́ẹ̀tì náà. “Ọjọ́ tí wọ́n kó ìwé dé láti Ìbàdàn ni mo ti rí i. Wọ́n ní àwọn ti tẹ̀ ẹ́ tán. Mo wá ń fi bírò tún un ṣe nínú gbogbo èyí tí mo bá fún ènìyàn. Mo tún tìrẹ náà ṣe.”

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí pẹpẹ, mo ṣí i sí ojú-ìwé 61. Ìlà bírò kékeré kan wà lórí igbá, ó dà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó gé àmì tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kọjá. Mo pe ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá tan kọ̀ǹpútà, mo ní kó wá “igbá” nínú gbogbo ìwé. Ó rí méjìdínlógún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.